Ọ̀rọ̀ Lọ́tọ̀, Aṣọ Lọ́tọ̀

Ìkànnì ayélujára àkọ́kọ́, èyí tí Tim Berners-Lee gbé jáde ní CERN ní 1991, ọ̀rọ̀ àti ìjápọ̀ lásán ni. Kọ̀ǹpútà èyíkéyìí ló lè kà á. Nígbà tí bíráósà Mosaic kó àwòrán wọ àárín ọ̀rọ̀ ní 1993, ẹwà di ohun tí gbogbo èèyàn ń lé. Àtẹ tí wọ́n ṣe fún títo ìsọfúnni sí ìlà àti òpó ni àwọn tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ ojú ìwé sọ di férémù: wọ́n ń to ọ̀rọ̀ sínú àpótí nínú àpótí, wọ́n sì ń fi àwòrán tí kò ṣeé fojú rí ti ìlà síwá sẹ́yìn. Ojú ìwé rẹwà lóòótọ́, àmọ́ ó ń pẹ́ kó tó ṣí, ẹ̀rọ tó ń kàwé sétí afọ́jú sì lè kà á ní ségesège.

Ẹwà kọ́ ló jẹ̀bi, bí wọ́n ṣe rán aṣọ mọ́ ara ni. Håkon Wium Lie dábàá CSS, èdè tó ń sọ bí ojú ìwé ṣe máa rí, ní 1994, W3C, àjọ tó ń gbé ìlànà ìkànnì kalẹ̀, sì fọwọ́ sí i ní 1996, kí ọ̀rọ̀ lè wà lọ́tọ̀, kí ọ̀ṣọ́ náà wà lọ́tọ̀. Ẹnìkan lè sọ pé àtẹ ló ṣiṣẹ́ nígbà náà, torí bíráósà kọ̀ọ̀kan ń túmọ̀ CSS bó ṣe wù ú. Òótọ́ ni, n kò sì dá àwọn tó lo àtẹ lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìkànnì CSS Zen Garden tí Dave Shea bẹ̀rẹ̀ ní 2003: HTML kan ṣoṣo, ìyẹn èdè tó gbé ọ̀rọ̀ náà dúró, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀ṣọ́ tí ọ̀kan kò jọ èkejì. Ìyapa ọ̀rọ̀ àti ọ̀ṣọ́ yìí náà ni Ethan Marcotte, tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ ìkànnì, gùn lé ní 2010, tó fi ṣàlàyé bí ojú ìwé kan náà ṣe lè fẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, kó sì súnkì lójú fóònù.