Kòkòrò Eyín àti Orin Ata: Bí Ọmọ Ènìyàn Ṣe Mọ Inú Eyín

Ní Ìkẹ́rẹ́ Èkìtì, ìlú Ògògà tí ó fẹ̀yìn ti Òkè Olósùnta, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ọmọdé tí eyín rẹ̀ bá yọ kì í jẹ́ kí alángbá rí àlàfo ẹnu òun. Yóò ṣa òkúta wẹ́wẹ́ tí iye wọn bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu, yóò sì jù wọ́n pẹ̀lú eyín náà sórí òrùlé, kí eyín mìíràn lè hù kíákíá. Eyín tí à ń retí yìí ti wà nínú egungun àgbọ̀n kí ti àkọ́kọ́ tó yẹ̀. Bartolomeo Eustachi, oníṣègùn ará Itálì, ti yẹ àgbọ̀n àwọn ìkókó tí ó ti kú wò, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ní 1563 pé orísun eyín méjèèjì yàtọ̀ síra. Ogún ni eyín ọmọdé. 32 ni ti àgbàlagbà.

Èmi kì í bá àwọn tí ń fi àwọn àgbà wa rẹ́rìn-ín rìn, nítorí pé àwọn àgbà ní kòkòrò ni ń jẹ eyín. Àwọn ará Bábílónì ti sọ bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí a tó bí Jésù. Lóòótọ́, Pierre Fauchard ti ilẹ̀ Faransé kọ ọ́ ní 1728 pé òun kò rí kòkòrò kankan nínú eyín tí ó kẹ̀. Ṣùgbọ́n Antoni van Leeuwenhoek, oníṣòwò aṣọ ní ìlú Delft, ti ròyìn ní 1683 pé òun rí àwọn ohun abẹ̀mí tín-tìn-tín tí ń yí gbirigbiri nínú èérí tí òun ha kúrò lára eyín ara òun. Ó di 1890 kí Willoughby Miller, ọmọ Amẹ́ríkà tí ń ṣiṣẹ́ ní Berlin, tó so ọ̀rọ̀ náà pọ̀ pé àwọn ohun tín-tìn-tín wọ̀nyí ni ń sọ ṣúgà àti oúnjẹ tí ó há sẹ́nu di omi kíkan, omi kíkan náà ni ó sì ń yọ́ eyín.

Ohun tí omi kíkan yìí ń kọ́kọ́ bá jà ni èèpo òde, ẹnámẹ́ẹ̀lì, tí kò sí ohun tí ó le tó o nínú gbogbo ara. Kò ní iṣan, kò ní ẹ̀jẹ̀, nítorí náà kì í ké nígbà tí a bá ń lù ú ní ihò, bí ó bá sì ti jẹ tán, kò tún hù mọ́. Abẹ́ rẹ̀ ni dẹ́ńtíìnì wà, tí ó rọ̀ jù ú lọ, tí àìmọye ihò wẹ́wẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá, èyí tí ó ń mú kí omi tútù ta ènìyàn dé ọpọlọ. Inú lọ́hùn-ún pátápátá ni ẹran rírọ̀ wà, pẹ̀lú iṣan àti ẹ̀jẹ̀ tí ó gba ẹnu gbòǹgbò wọlé. Bí ẹran yìí bá wú, kò sí ibi tí yóò wú sí, nítorí ògiri líle ló yí i ká. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí akọni ọkùnrin fi í di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú sunkún lóru. Kékeré la ti ń pa ẹkàn ìrókò.

Àwọn baba wa, tí wọ́n ka funfun sí iyì eyín, kò jókòó lásán. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ni wọ́n ti ń rún orin lẹ́nu títí orí rẹ̀ yóò fi fọ́ yángá: orin ìjẹ̀bú, orin àyán, àti orin ata, gbòǹgbò tí ń ta lẹ́nu, tí ń mú itọ́ sun, tí ń sọ ahọ́n di kíkú fún ìgbà díẹ̀. Itọ́ yẹn gan-an sì ni olùgbèjà eyín, nítorí òun ni ń pa agbára omi kíkan. Iṣẹ́ orin ata kò tilẹ̀ mọ sí ẹnu nìkan: ní Yunifásítì Ifẹ̀, Abáyọ̀mí Ṣófowórà àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1971 pé omi gbòǹgbò orin ata lè dá sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tí ó ti dà bí dòjé padà sípò nínú ìgò àyẹ̀wò. Mo ka èyí sí ògo fún àwọn tí ó kọ́kọ́ wú gbòǹgbò náà.

Síbẹ̀, bísíkíìtì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí ó kún ọjà wa lónìí kò sí ní ayé wọn. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ àti ní Ẹmùré, ẹ máa la ẹnu ọmọ yín sí oòrùn, kí ẹ wò ó. Bí ẹ bá rí àmì funfun bí ẹfun tàbí àmì dúdú lára eyín, ẹ má dúró de ìrora. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín.