Ọbẹ̀ Tí Kò Fẹ́ Ìkánjú

Ní Òrò-Àgọ́, ìyá àgbà mi kì í da epo sí ata tí omi rẹ̀ kò tíì gbẹ. Orí ọlọ ló ti ń lọ tòmátì, tàtàṣé àti ata rodo. Igi méjì péré ni yóò fi sílẹ̀ lábẹ́ ìkòkò, ẹran á máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Láti Amẹ́ríkà ni tòmátì ti dé ọ̀dọ̀ wa, ibẹ̀ náà ló ti dé Ítálì. Síbẹ̀, ìwé ìdáná tí Pellegrino Artusi, ará Ítálì, tẹ̀ jáde ní 1891 kò fi tòmátì sí ọbẹ̀ ẹran ti Bologna, ìlú kan níbẹ̀, rárá!

Mo bu ọbẹ̀ ìyá àgbà lé sùpàgẹ́tì lọ́jọ́ kan. Ó wò ó, ó ní ekòló ni, ó sì fa iyán rẹ̀ mọ́ra.