Ààbò owó ìfẹ̀yìntì lọ́wọ́ gbèsè

Ààbò owó ìfẹ̀yìntì lọ́wọ́ gbèsè ni ètò òfin tí ó ń dá owó tí òṣìṣẹ́ fi pamọ́ fún ọjọ́ ogbó rẹ̀ sí, kí àwọn tí ó jẹ lówó má baà gbà á, kódà bí ilé ẹjọ́ bá kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí gbèsè ti borí. Ní Nàìjíríà, Òfin Ìwọgbèsè ọdún 1979 àti Òfin Àtúnṣe Owó Ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ni ó kan ọ̀rọ̀ náà jù. Bí ó ti kan òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní Abuja náà ni ó kan èyí tí ń gbé Òkè-Ìlá ní Adó-Èkìtì.

Ìtàn

Láyé àtijọ́, ọ̀nà méjì tí a mọ̀ dáadáa ni Yorùbá ń gbà gba gbèsè. Nínú ìwọ̀fà, onígbèsè tàbí ọmọ rẹ̀ a máa sin ẹni tí ó yá a lówó títí a ó fi san owó náà. Nínú dídógò, ológò a lọ jókòó sí ilé onígbèsè, kò sì ní dìde títí wọn yóò fi wá owó rẹ̀ fún un. Ọmọ àti oko ni àgbà gbójú lé ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀.

Òfin ìwọgbèsè

Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀, tí ó ní ẹ̀ka ní Adó-Èkìtì, ni ó ní àṣẹ láti gbọ́ irú ẹjọ́ yìí. Bí ìkéde bá ti wáyé, ohun ìní onígbèsè yóò bọ́ sọ́wọ́ alámòójútó, tí yóò tà á, tí yóò sì pín owó rẹ̀ fún àwọn tí ó jẹ lówó. Òfin yọ irinṣẹ́, aṣọ àti ohun ìsùn òun àti ẹbí rẹ̀ sílẹ̀ dé ìwọ̀n kan. Ẹni tí a kò tíì tú sílẹ̀ nínú ìkéde náà kò lè díje fún ipò gómìnà tàbí ti aṣòfin.

Bí a ṣe ń dáàbò bo owó náà

Lábẹ́ òfin 2014, agbanisíṣẹ́ ń dá ó kéré tán ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù, òṣìṣẹ́ ń dá ìdá 8. Ilé iṣẹ́ kan ń fi owó náà ṣòwò, òmíràn ń tọ́jú rẹ̀, àjọ PenCom sì ń ṣọ́ àwọn méjèèjì.

* Òṣìṣẹ́ kò lè gba owó náà kí ó tó fẹ̀yìn tì tàbí kí ó tó pé ẹni 50 ọdún. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì rí òmíràn láàárín oṣù 4, lè gba ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún.
* Kò lè fi í dúró láti yá owó. Láti ọdún 2022, ó lè lo ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ láti fi bẹ̀rẹ̀ owó ilé gbígbé.
* Bí ilé iṣẹ́ tí ń tọ́jú owó bá wọ gbèsè, owó òṣìṣẹ́ kì í ṣe ara ohun ìní rẹ̀.

Abala 173 àti 210 nínú òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 tún fìdí ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ sí owó ìfẹ̀yìntì múlẹ̀.

Ibi tí ààbò náà pin sí

Owó tí a bá ti gbà jáde sínú àpò báńkì ti di owó lásán. Láti ọdún 2020, ètò báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà fún báńkì tí a jẹ ní gbèsè láàyè láti gba owó rẹ̀ nínú àpò onígbèsè ní báńkì mìíràn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sáré gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ jáde nígbà tí gbèsè ń lé e ti tú ààbò ara rẹ̀ ká. Owó èsúsú àti àjọ kò sí lábẹ́ òfin yìí rárá. Ilé ẹjọ́ sì lè fagi lé ẹ̀bùn tí onígbèsè fi gbé ohun ìní rẹ̀ pa mọ́.

Ní òkè òkun

Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó ìfẹ̀yìntì tí ìjọba fọwọ́ sí kì í wọ inú ohun ìní ẹni tí gbèsè borí láti 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2000. Ní Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dáàbò bo owó ìfẹ̀yìntì ibi iṣẹ́ ní ọdún 1992, ṣùgbọ́n ní ọdún 2014 ó ní àpò ìfẹ̀yìntì aládàáni tí ènìyàn jogún kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀.