Ère Ìbejì àti Àwòrán Ìfọkànsìn Netherlands Ìgbàanì: Ilé gẹ́gẹ́ bí Ojúbọ

Nígbà tí àwọn òpìtàn bá ń wá ibùgbé ẹ̀sìn, ojúbọ ìlú, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ yà sí. Ṣùgbọ́n inú ilé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sìn, láàrin ìkòkò, ẹní àti aṣọ. Àpilẹ̀kọ yìí gbé ohun méjì tí ó jìnnà síra yẹ̀ wò: àwòrán ìfọkànsìn Netherlands ìgbàanì, àti ère ìbejì Ọ̀yọ́ òun Ògbómọ̀ṣọ́. Èrò ìdí rẹ̀ ni pé ipò tí ilé wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, àti pé ìyàtọ̀ náà ni ó yẹ kí ó pinnu irú ẹ̀rí tí òpìtàn yóò wá.

Àpẹẹrẹ pàtàkì ni àwòrán alápá mẹ́ta tí a ń pè ní Mérode. A kà á sí iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Robert Campin ní Tournai, ìlú kan ní Bẹ́ljíọ̀m òde òní, ní nǹkan bí ọdún 1427 sí 1432. Kò ga tó mítà kan. A lè pa á dé bí ìlẹ̀kùn. Áńgẹ́lì inú rẹ̀ kò bá Màríà ní tẹ́ńpìlì bí kò ṣe ní yàrá tí ó ní àga gígùn, aṣọ ìnuwọ́, ìkòkò omi àti àbẹ́là tí iná rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ní apá ọ̀tún, Jósẹ́fù ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà, pàkúté èkúté sì wà lórí tábìlì rẹ̀. Ní 1945, Meyer Schapiro fi ọ̀rọ̀ Augustine Mímọ́ túmọ̀ rẹ̀: àgbélébùú ni pàkúté tí ó mú Sàtánì. Ní 1953, Erwin Panofsky sọ irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ di ìlànà: àmì tí ó fara pamọ́ ni ohun èlò ilé. Ẹni tí ó ni àwòrán náà àti aya rẹ̀ kúnlẹ̀ sí àgbàlá, lẹ́nu ọ̀nà. Wọn kò wọlé.

Ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, a kò ya ilé sínú ère. Ère ni a mú wọ ilé. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, tí Ifá sì pa á láṣẹ, agbẹ́gilére a gbẹ́ ère kékeré kan. Ìrísí àgbàlagbà ni a ń fún un, pẹ̀lú ilà ojú. Lẹ́yìn èyí, ó bọ́ sọ́wọ́ ìyá. Ìyá a máa wẹ̀ ẹ́, a máa fi osùn pa á lára, a máa fi aró kun irun rẹ̀. Nígbà tí búlúù ìfọṣọ dé ọjà, òun náà wọ iṣẹ́ yìí. A máa fún un ní ẹ̀wà, a sì máa tẹ́ ẹ sùn.

Níhìn-ín ni ìyàtọ̀ wà. Àmì inú Mérode ń dúró de ẹni tí ó kàwé. Ohun tí ìyá ìbejì ṣe wà lára igi fúnra rẹ̀. Ojú àti imú tí ìwẹ̀ ti jẹ dan, osùn tí ó há sáàrin irun: àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ni, láti ọwọ́ obìnrin tí kò kọ lẹ́tà kan. Ó sì ń sọ ohun tí ìtàn ìjọ kò sọ. Àwọn Onítẹ̀bọmi dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855; ẹ̀sìn Ìsìláàmù náà fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ìlú méjèèjì. Síbẹ̀, àwọn ère ìbejì kan wà ní agbègbè yìí tí a gbẹ́ tìrà onígun mẹ́ta sí lọ́rùn. Ààlà tí ó hàn kedere lójúde kò fi bẹ́ẹ̀ hàn ní yàrá ìyá.

Nítorí náà, ìtọ́jú àwọn ère wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan. Ní sẹ́ńtúrì ogún, ọ̀pọ̀ wọn kúrò nílé bọ́ sọ́wọ́ oníṣòwò àti àwọn olùkójọ ní òkè òkun. Òfin 1953 àti Òfin 77 ti ọdún 1979 de kíkó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde láìgbàṣẹ, ṣùgbọ́n òfin kò lè dá osùn tí a ti fọ̀ dànù padà. Mérode náà ti kúrò nílé rẹ̀. New York ni ó wà. Ṣùgbọ́n ilé tí a yà sínú rẹ̀ bá a lọ. Ère ìbejì kò ní irú ilé bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó gbé kúrò ní yàrá ìyá kò ju ohun tí ọwọ́ ìyá fi sí i lára lọ. Ẹni tí ó bá fọ̀ ọ́ mọ́ kí ó lè tà ti pa ìwé ìtàn rẹ́.