Los Alfaques: Ọ̀nà Tó Gba Ẹ̀yìn Àgọ́ Kọjá

Ẹni tó bá fẹ́ lo ìsinmi rẹ̀ nínú àgọ́ ní etí òkun Sípéènì lóde òní, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni yóò ti kọ́kọ́ wádìí. Yóò tẹ orúkọ ibùdó tó wù ú, yóò wo àwòrán iyanrìn àti omi, yóò bèèrè iye tí wọ́n ń gbà fún òru kan, yóò sì bèèrè bóyá àyè wà fún kàráfáànì, ìyẹn ilé kékeré onítáyà tí mọ́tò máa ń fà kiri. Ṣùgbọ́n ibùdó kan wà ní Alcanar, ní agbègbè Tarragona, tó jẹ́ pé àwòrán òkú èèyàn ló ń jáde nígbà tí aráyé bá wá orúkọ rẹ̀. Los Alfaques ni orúkọ náà. Ẹni tó ni ibùdó náà gbé ọ̀rọ̀ Google lọ sílé-ẹjọ́, ó ní àwọn àwòrán àtijọ́ wọ̀nyí ń ba òwò òun jẹ́. Ní ọdún 2012, ilé-ẹjọ́ kan ní Sípéènì da ẹjọ́ náà nù.

Kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí ọdún tó lé ní 30 kò fi lè bò ó mọ́lẹ̀?

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí àwọn èèyàn ṣe dé etí òkun náà. Láyé àtijọ́, àwọn ọlọ́rọ̀ ló ni ìrìn-àjò afẹ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù. Nígbà tí dókítà ará Scotland kan, William Gordon Stables, ní kí wọ́n kan kàráfáànì ìgbafẹ́ fún òun ní ọdún 1885, ẹṣin méjì ló ń fà á, ìránṣẹ́ sì ń tẹ̀lé e lọ. Òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ ń dúró lọ́jọ́ tí kò bá ti ṣiṣẹ́ kò lè dán irú rẹ̀ wò. Ọdún 1936 ni òfin ilẹ̀ Faransé fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì láìdá owó wọn dúró. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní 1956, ó di mẹ́rin ní 1969. Àyè ìsinmi wá wà, ṣùgbọ́n agbára mẹ̀kúnnù kò ká owó hòtẹ́ẹ̀lì. Àgọ́ ló bá wọn yanjú rẹ̀. Bàbá, ìyá àti ọmọ yóò di ìkòkò, ìbùsùn àti gáàsì ìdáná sínú mọ́tò, wọn yóò sì kọjú sí gúúsù, níbi tí oòrùn wà.

Sípéènì ń retí wọn. Ìjọba ọ̀gágun Franco nílò owó ilẹ̀ òkèèrè, ó yí ètò ọrọ̀-ajé padà ní 1959, ó sì ṣílẹ̀kùn fún àlejò. Nǹkan bí mílíọ̀nù 6 àlejò ló wọ orílẹ̀-èdè náà ní 1960. Nígbà tó fi máa di 1973, wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù 34. Ibùdó àgọ́ wá ń hù bí olú ní etí òkun. Ọ̀nà àtijọ́ tó gba etí òkun náà kọjá, èyí tí wọ́n ń pè ní N-340, ló ń gbé àwọn àlejò dé ibẹ̀. Ọ̀nà yìí kan náà ni ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà. Los Alfaques jẹ́ ilẹ̀ tóóró láàárín ọ̀nà náà àti òkun. Ẹni tó bá wá gbafẹ́ létí òkun, apá omi ni ojú rẹ̀ máa ń wà. Bẹ́ẹ̀ Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, ọdún 1978, ibùdó náà kún fún àwọn ará Faransé, Jámánì àti Bẹ́ljíọ̀mù. Ọ̀sán ni, oòrùn mú, àwọn kan ń jẹun, àwọn kan sì wà nínú omi. Ní nǹkan bí aago méjì ààbọ̀, táńkà kan tó ń bọ̀ láti ilé-iṣẹ́ ìfọpo ní Tarragona dé ẹ̀gbẹ́ ibùdó náà, ó sì bú gbàmù. Iná bo àgọ́ àti kàráfáànì mọ́lẹ̀ títí dé etí omi. Gáàsì ìdáná tí àwọn èèyàn gbé wá láti ilé wọn tún ń bú lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó kú lé ní 200, awakọ̀ náà wà lára wọn. Nítorí pé aṣọ ìlúwẹ̀ nìkan ló wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, kò rọrùn láti mọ ẹni tí oníkálukú jẹ́.

Kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run ni. Gáàsì propylene, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ike, ni táńkà náà gbé. Wọ́n máa ń fún un mọ́ inú táńkà títí tí yóò fi di omi. Omi yìí máa ń wú bí ooru bá mú un, ìdí nìyí tó fi yẹ kí wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ lókè táńkà. Nǹkan bí 19 tọ́ọ̀nù ló yẹ kí wọ́n rọ sí i. Ohun tí wọ́n rọ lé ní 23. Táńkà náà kò ní ihò ààbò tí gáàsì lè gbà jáde bí ó bá ń fún un jù. Títì márosẹ̀ wà nítòsí tí kì í gba àárín ilé àti ibùdó kọjá, ṣùgbọ́n wọ́n ń gba owó ibodè níbẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fẹ́ ni táńkà náà gbà.

Ní ọdún 1982, ilé-ẹjọ́ dá òṣìṣẹ́ mẹ́fà lẹ́bi àìbìkítà tó mú ẹ̀mí lọ, wọ́n sì ní kí wọ́n lọ sẹ́wọ̀n. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ìjìyà náà fúyẹ́ sí i. Ìjọba wá ṣòfin pé ọkọ̀ tó gbé ẹrù eléwu kò gbọ́dọ̀ gba àárín ibi tí èèyàn pọ̀ sí mọ́. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 2020, wọ́n ṣíwọ́ gbígba owó ibodè lórí títì márosẹ̀ tó gba apá ibẹ̀ kọjá. Ohun tí wọ́n torí owó rẹ̀ yẹra fún ní 1978 ti di ọ̀fẹ́.

Ìgbàgbé lè wu ẹni tó ni ibùdó, kò sì sí ẹni tó lè bú u pé ó fẹ́ jẹun. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ni ìtàn náà nìkan. Àwọn tó kú náà ṣètò ìsinmi wọn dáadáa: wọ́n ṣọ́ owó ná, wọ́n wo ojú ọjọ́, wọ́n gba àyè sílẹ̀. Ohun tó pa wọ́n kò sí nínú ohun tí wọ́n lè bèèrè, nítorí àwọn tó mọ̀ ọ́n kò sọ ọ́. Ẹni tó bá sì wà ní Èkó ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà, ọdún 2018, tí táńkà epo gbiná lórí afárá Ọ̀tẹ̀dọlá, tí mọ́tò àti èèyàn jóná, mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Sípéènì nìkan.

Aṣíwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Ẹ̀kọ́ náà kò sì lè dé etí ará ẹ̀yìn bí wọ́n bá fi ewé bo ojú kòtò. Kí ẹni tó ń wá ibi tí yóò pàgọ́ sí wo òkun títí tí yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí ó wá yíjú padà, kí ó bèèrè ohun tó ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn àgọ́ kọjá.