Bí Iná Igbó Ṣe Ń Ba Omi Ìlú Jẹ́, àti Ohun Tí Sísè Kò Lè Mú Kúrò

Iná igbó kì í jó ilé nìkan. Ó ń ba omi mímu jẹ́ pẹ̀lú, nígbà mìíràn lẹ́yìn tí èéfín ti lọ pátápátá. Ó yẹ kí àwọn ará wa tó ń gbé ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà mọ èyí dáadáa.

Ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 2018, iná tí wọ́n pè ní Camp Fire jó ìlú Paradise ní California. Ènìyàn 85 ló kú, ilé tó lé ní 18,000 ló sì jóná. Nígbà tí wọ́n yẹ omi ẹ̀rọ wò, wọ́n bá benzene nínú rẹ̀, kẹ́míkà tó wà nínú epo bẹntiróòlù, tó sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Irú rẹ̀ ti kọ́kọ́ wáyé ní Santa Rosa lọ́dún 2017.

Báwo ló ṣe wọ inú páìpù? Bí ilé bá ti jó, páìpù rẹ̀ á là, omi á máa dà nù. Àwọn panápaná náà ń fa omi lọ́wọ́ kan. Agbára omi á wá lọ sílẹ̀, páìpù á sì máa fa èéfín olóró wọlé. Ike tí iná yọ́ náà ń tú kẹ́míkà sínú omi. Páìpù ike tí kò tilẹ̀ jó lè fa benzene mu, kó máa tú u jáde díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Àwọn ìyá wa kọ́ wa pé omi tí kò bá dá wa lójú, kí á sè é. Òótọ́ ni, fún kòkòrò àìfojúrí. Ṣùgbọ́n bí a bá se omi tó ní benzene, ooru á gbé e sínú afẹ́fẹ́ ilé ìdáná, ẹni tó ń dáná á sì fà á símú. Bí ìjọba bá ní kí ẹ má lo omi, ẹ má sè é, ẹ má sì fi í wẹ ọmọ. Ẹ wá omi láti ibòmíràn. Omi alùwàlá wà nínú rẹ̀. Ṣáríà ti fi àyè táyámúmù sílẹ̀ fún ẹni tí omi lè pa lára, ẹ bi àáfà yín.

Kí iná tó dé, kí ilé kọ̀ọ̀kan ní ohun tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn sínú páìpù ìlú, kí ọ̀nà sì wà láti ti omi àdúgbò kan pa, kí ìdọ̀tí má bàa ràn dé ìyókù. Lójú tiwa, èyí ló yẹ kí ará ìlú kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó omi wọn.

Ti Denver yàtọ̀. Iná ọdún 1996 àti 2002 jó igbó orí òkè tí omi wọn ti ń ṣàn wá. Kò sí gbòǹgbò tó di ilẹ̀ mú mọ́, òjò sì gbá eérú àti ẹrẹ̀ lọ sínú adágún Strontia Springs. Ilé-iṣẹ́ omi Denver ná ju mílíọ̀nù 27 dọ́là lórí àtúnṣe. Láti ọdún 2010 ni wọ́n ti ń bá àjọ igbó ìjọba àpapọ̀ ṣiṣẹ́ láti dín igi tó fún jù kù.

Ẹni tó bá ní kànga tirẹ̀, tí iná sì jó páìpù tàbí táǹkì ike rẹ̀, kó pààrọ̀ wọn, kó sì sọ fún àwọn tó máa yẹ omi náà wò pé kí wọ́n wá benzene, nítorí àyẹ̀wò kòkòrò lásán kò ní rí i.