Bí Linux Ṣe Ní Ojú: Ta Ni Ó Ń Pinnu Ikú Láptọ́ọ̀pù?

Ní ọjọ́ 14, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró. Ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àkókò nìkan ni ó kù tí ó ń rí i gbà. Windows 11 tí ó rọ́pò rẹ̀ kò sì gba gbogbo ẹ̀rọ: ó ń béèrè ṣíìpù ààbò tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, ó sì ń béèrè ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí kò tíì pẹ́ púpọ̀. Báyìí ni ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tí ó ṣì ń tàn, tí bọ́tìnnì rẹ̀ pé, tí gíláàsì rẹ̀ kò sán, ṣe di ohun ìkọ̀sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ra tòkunbọ̀, ọ̀rọ̀ náà kan ilé, ó kan ọ̀nà.

Ọjọ́ 14, oṣù Ọ̀wàrà yìí kan náà ní ìtàn mìíràn tí àwọn tó ń ra tòkunbọ̀ ì bá mọ̀. Ní ọjọ́ náà, ní ọdún 1996, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ìlú Tübingen, ní ilẹ̀ Jámánì, kéde iṣẹ́ kan tí ó wà lára ohun tí ó lè jí irú láptọ́ọ̀pù bẹ́ẹ̀ dìde lónìí. Ṣùgbọ́n kí iṣẹ́ rẹ̀ tó lè yé ènìyàn, ìtàn náà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀.

Ìpìlẹ̀ ọ̀hún ni Linux. Linus Torvalds, ọmọ ọdún 21 tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki, ní ilẹ̀ Finland, ni ó kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 25, oṣù Ògún, ọdún 1991. Orí kọ̀ǹpútà kan tí ọpọlọ rẹ̀ ń jẹ́ 386 ni ó ti ṣe é, ó sì sọ fún àwọn tí ó kọ̀wé sí pé eré ìdárayá lásán ni òun ń fi í ṣe. Ohun tí ó kọ́ ni ọkàn ètò, èyí tí ó ń pín mẹ́mọ́rì, tí ó ń bá dísìkì sọ̀rọ̀. Àwọn irinṣẹ́ tí ọkàn náà nílò ti ń jáde bọ̀ láti inú iṣẹ́ GNU tí Richard Stallman kéde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1983. Ṣùgbọ́n Linux kò ní ojú. Ẹni tí ó bá tan án nígbà náà, òkùnkùn àti lẹ́tà funfun ni yóò bá pàdé, àṣẹ ni yóò sì máa tẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ibòmíràn ni ojú náà ti wá. Ní ọdún 1984, ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà, Robert Scheifler àti Jim Gettys bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí orúkọ rẹ̀ kò ju lẹ́tà kan lọ: X. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ya fèrèsé sójú kọ̀ǹpútà, kí ó sì mọ ibi tí máòsì wà. Ní ọdún 1992, àwọn olùyọ̀ǹda bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe fún kọ̀ǹpútà kékeré, wọ́n pè é ní XFree86.

Ìyà pọ̀ nínú rẹ̀ nígbà náà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni oníkọ̀ǹpútà máa fi kọ iye ìgbà tí ojú ẹ̀rọ rẹ̀ ń ya àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá kan sínú ìwé ètò. Ìwé ìlànà sì kìlọ̀ pé bí iye náà bá ṣì, ojú ẹ̀rọ lè bàjẹ́. Ti láptọ́ọ̀pù tún le jù, nítorí pé àwọn tí ó ń ṣe ṣíìpù àwòrán kan kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ènìyàn lè jókòó títí ilẹ̀ fi mọ́, kí ó má rí ju òkùnkùn lọ.

Bí X bá sì tàn tán, fèrèsé nìkan ni ó mọ̀ ọ́n yà. Kò ní ibi tí a ó ti mú fáìlì, kò ní àtẹ tí a ó ti yan iṣẹ́, ìrísí ètò kan kò sì jọ ti èkejì. Èyí ni Matthias Ettrich, akẹ́kọ̀ọ́ Tübingen náà, rí tí ó fi kéde KDE ní ọdún 1996. Ó ní ojú iṣẹ́ tí òun fẹ́ kọ́ kì í ṣe fún àwọn ọ̀mọ̀wé kọ̀ǹpútà bí kò ṣe fún ẹni tí ó kàn fẹ́ lò ó.

Ìjà bẹ́ sílẹ̀ kíákíá. Orí Qt, ohun ìní ilé-iṣẹ́ Trolltech ti ilẹ̀ Norway, ni wọ́n kọ́ KDE lé, ìwé àṣẹ Qt kò sì jẹ́ kí gbogbo ènìyàn lè tún un ṣe kí wọ́n sì pín in bí ó ti wù wọ́n. Àwọn kan bẹ̀rù pé ẹni tí ó kọ́lé sórí ilẹ̀ onílẹ̀, ọjọ́ tí onílẹ̀ bá dé ni yóò kó jáde. Ní oṣù Ògún, ọdún 1997, Miguel de Icaza àti Federico Mena, ọmọ ilẹ̀ Mexico, kéde GNOME láti fi dí àlàfo náà. Ìdíje yìí so èso rere: ní ọdún 2000, Trolltech fi Qt sábẹ́ ìwé àṣẹ GPL, ó di ohun tí ẹnikẹ́ni lè tún ṣe.

Láti ìgbà náà, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ní ọdún 2000 kan náà, Klaus Knopper ti ilẹ̀ Jámánì gbé Knoppix jáde, síìdì kan tí ó ń dá gbogbo ẹ̀yà ẹ̀rọ mọ̀ fúnra rẹ̀, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ láì fọwọ́ kan ohun tí ó wà nínú dísìkì. Ní ọdún 2004, Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, gbé Ubuntu dé. Orúkọ náà wá láti inú èdè àwọn Zulu àti Xhosa. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí ohun tí Yorùbá ń sọ pé ènìyàn ni aṣọ. Títí di ọdún 2011, wọ́n ń fi síìdì rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹni tí ó bá béèrè, ibi yòówù kí ó wà láyé.

Bí ojú náà ṣe ń dára sí i ni ó ń wúwo sí i. Níbí ni ọgbọ́n inú ìtàn yìí wà. Nítorí pé ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó ṣe ọkàn, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó ṣe ojú, a lè pààrọ̀ ojú láì pa ọkàn lára, bí ẹni tí ó bọ́ agbádá tí ó sì wọ bùbá. Olivier Fourdan, ará Faransé, ti bẹ̀rẹ̀ Xfce láti ọdún 1996. Hong Jen Yee ti ilẹ̀ Taiwan bẹ̀rẹ̀ LXDE ní ọdún 2006. Nígbà tí GNOME 3 dé ní ọdún 2011 tí ó yí ohun gbogbo padà, ọmọ ilẹ̀ Argentina kan mú kóòdù GNOME ti tẹ́lẹ̀, ó ń tọ́jú rẹ̀ lọ, ó pè é ní MATE. Kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí pé ìwé àṣẹ ti fún un láyè.

Lónìí, láptọ́ọ̀pù tí mẹ́mọ́rì rẹ̀ kò ju 2GB lọ lè gbé Xfce, bí ẹni tí ó ni ín kò bá ṣí ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Fláàṣì kan tó láti fi dán an wò kí a tó pa ohunkóhun rẹ́. Ẹni tí ó bá wo inú àkójọ àtẹ ìtẹ̀wé rẹ̀ yóò rí Nàìjíríà níbẹ̀, yóò sì rí èdè Yorùbá lábẹ́ rẹ̀.

Kì í ṣe pé Linux kì í fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Ní oṣù kejìlá, ọdún 2012, wọ́n yọ 386, ọpọlọ tí Torvalds fi bẹ̀rẹ̀, kúrò nínú rẹ̀. Ní ọdún 2017, Ubuntu dáwọ́ dúró láti máa ṣe ojú iṣẹ́ fún ẹ̀rọ 32-bit. Ṣùgbọ́n gbangba ni wọ́n ti jíròrò rẹ̀, kóòdù àtijọ́ sì wà nílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ máa tọ́jú rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ìyàtọ̀ náà nìyí. Ẹni tí ó fi owó rẹ̀ ra láptọ́ọ̀pù lè pinnu pé ó ti gbó, kí ó sì ra òmíràn. Ohun tí kò tọ́ ni pé kí ẹlòmíràn kéde ikú rẹ̀ nígbà tí ó ṣì ń mí. Àwọn tí ó jókòó ní Helsinki, ní Tübingen àti ní Mexico kò mọ ẹni tí yóò ra tòkunbọ̀ ní Ìkẹjà, síbẹ̀ wọ́n ti fi ìpinnu náà sí i lọ́wọ́.